Líǹkì Tí A Fi Owó Rà, Ẹ̀rí Èké Ni

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi. Ó kí mi dáadáa, ó yin ìkànnì yìí, lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó bá wá. Ó ní òun ti kọ àpilẹ̀kọ kan sílẹ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè máa sùn dáadáa lóru, òun fẹ́ kí n gbé e jáde, òun yóò sì sanwó. Mo ka àpilẹ̀kọ náà. Ní ìlà kẹjọ, láàárín gbólóhùn tó ń sọ nípa àárẹ̀ ara, líǹkì kan wà níbẹ̀ tó lọ tààrà sí ìkànnì tẹ́tẹ́. Ohun tó pa oorun àti tẹ́tẹ́ pọ̀ kò yé mi. Gbólóhùn tó kẹ́yìn lẹ́tà náà ló wá là mí lójú: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpolówó ni."

Owó tó fẹ́ san kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, pàápàá ẹni tó ń fi owó àpò ara rẹ̀ gbọ́ bùkátà ìkànnì. N kò ní tan ẹ̀yin òǹkàwé mi jẹ: mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Ó lè gbé ìkànnì yìí dúró fún oṣù mélòó kan. Mo dá ọkùnrin náà lóhùn, n ó sì sọ ohun tí mo sọ fún un kí n tó fi gègé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá èmi àti òun. Ó kan ẹnikẹ́ni tó ń tajà lórí ayélujára, ó kan ẹnikẹ́ni tó ń kọ ìròyìn síbẹ̀, ó sì kan gbogbo àwa tí a máa ń bi Google léèrè ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Líǹkì ni ọ̀rọ̀ tí a máa ń tẹ̀ lójú ìwé kan tí yóò gbé wa lọ sí ojú ìwé mìíràn. Lójú òǹkàwé, ọ̀nà lásán ni. Lójú Google, ẹ̀rí ni. Àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí ti àtijọ́ gbára lé ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé jù, débi pé ẹni tó bá kọ "bàtà" nígbà ọgọ́rùn-ún lè dà bí ẹni tó mọ̀ nípa bàtà ju ẹni tó ń rán bàtà lọ. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tètè mọ àṣírí yìí, wọ́n sì lò ó dé ojú ẹ̀. Ní ọdún 1998, Larry Page àti Sergey Brin, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ tí wọ́n pè ní PageRank. Wọ́n wo ìṣe àwọn ọ̀mọ̀wé: ìwé ìwádìí tí àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn bá ń tọ́ka sí léraléra ni a máa ń kà sí pàtàkì. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí lórí ayélujára. Bí ìkànnì kan bá fi líǹkì tọ́ka sí òmíràn, ẹ̀rí ló jẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rí kò dọ́gba. Ẹ̀rí ẹni tí àwọn ẹlòmíràn ti jẹ́rìí sí wúwo ju ti ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ. Ẹni tó bá sì ń jẹ́rìí fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìwúwo ẹ̀rí rẹ̀ yóò pín sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Kí a tó fi ọmọ fọ́kọ, àwọn àgbà wa máa ń rán ènìyàn lọ ṣe ìwádìí ìdílé tí ọmọ ń lọ. Ẹni tí wọ́n rán kì í ka iye ẹnu tó yin ìdílé náà. Ó máa ń wò ó bóyá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń gbé àdúgbò náà lóòótọ́, bóyá kò jẹ wọ́n ní gbèsè, bóyá kì í ṣe àwọn ló ra ẹmu fún un mu lánàá. Gbólóhùn kan láti ẹnu ìyá àgbà tí kò retí ohunkóhun lọ́wọ́ wọn lè borí ìyìn ogún ọ̀rẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni Google ń gbìyànjú láti ṣe, àfi pé ẹ̀rọ ni ó rán níṣẹ́.

Ibi tí ẹ̀rí bá ti níye lórí, kì í pẹ́ tí àwọn tó ń ta ẹ̀rí fi ń dé. Ẹjọ́ tó lókìkí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti J. C. Penney, ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí kan. Ní àkókò ọjà Kérésìmesì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, bí ènìyàn bá wá aṣọ obìnrin, aṣọ ibùsùn tàbí ẹní àtẹ́ẹ̀ka lórí Google, J. C. Penney ló máa ń wà lókè téńté. Ìwádìí fi hàn pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún líǹkì ni wọ́n ti gbìn kiri orí àwọn ìkànnì tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú aṣọ, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì ti dahoro. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn kò pàṣẹ rẹ̀, wọ́n sì lé àwọn agbaninímọ̀ràn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ náà dànù. Google kò fi ìyà náà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn já wọn sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, J. C. Penney ṣì wà ní ipò kìíní fún irú àpò ìrìnàjò kan. Wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ipò 71 ni wọ́n wà. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2012, Google gbé ètò tí wọ́n pè ní Penguin jáde, kí ẹ̀rọ lè máa ṣọ́ irú líǹkì bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù, gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn, ni ti ọdún 2013 ní Ìlú Ọba. Interflora jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń ta òdòdó. Àwọn ìwé ìròyìn ìbílẹ̀ lóríṣiríṣi níbẹ̀ gbé àpilẹ̀kọ tí wọ́n gba owó lé lórí jáde lórí ìkànnì wọn, pẹ̀lú líǹkì tó lọ sọ́dọ̀ Interflora. Ní oṣù Kejì ọdún náà, Google gbé Interflora sọnù nínú àbájáde ìṣàwárí, débi pé ẹni tó tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ náà gan-an kò rí ìkànnì rẹ̀ mọ́. Kò tán síbẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn tó ta líǹkì náà jìyà pẹ̀lú. Google bu ẹ̀yẹ tó ti fún wọn kù. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Interflora fi padà sí àyè rẹ̀, torí pé ilé iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ní àwọn tó lè tètè ṣàtúnṣe. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn tó ti ta ẹ̀rí rẹ̀, báwo ni yóò ṣe rà á padà?

Mo béèrè bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti wà níbi tí a ti ta á rí. Nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ti ṣiṣẹ́, òfin wa ni pé bí ènìyàn bá sanwó kí a tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, a gbọ́dọ̀ kọ "Ìpolówó" gàdàgbà sókè rẹ̀. Nígbà tí ọjà kò tà mọ́, àwọn tó ń bójú tó ìpolówó ní kí a dín ọ̀rọ̀ náà kù díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní kí a gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Lọ́jọ́ kan, a wò ó, kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò sí ìpàdé kankan tí a ti pinnu rẹ̀. Àwa tí a wà nínú yàrá ìròyìn rí i, a sì dákẹ́, nítorí owó oṣù wa ń bẹ nínú rẹ̀. Bàbá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti ń ra ìwé wa láti ọjọ́ pípẹ́, ló wá sí ọ́fíìsì wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n na ìwé ìròyìn náà sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀ níhìn-ín báyìí? Ṣé ẹ̀yin ni, àbí ẹni tó sanwó fún yín?" N kò rí èsì fún wọn. Bàbá náà kò pariwo. Wọ́n kàn ṣíwọ́ rírà ìwé wa.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta líǹkì, kí n bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó ń rà á, torí pé òun náà ni wọ́n ń fọ́ lójú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń ta àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, ó sì ní ìkànnì tirẹ̀. Ẹnìkan wá bá a pé bí ó bá lè san iye báyìí, òun yóò bá a wá líǹkì 500 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Google yóò sì gbé e sókè. Ó san án. Oṣù mẹ́rin kọjá, ẹnikẹ́ni kò wọlé. Ó pè mí, ó ní, "Àbúrò, bá mi wo ibi tí owó mi gbà lọ." A jókòó ti kọ̀ǹpútà, a ṣí àkọsílẹ̀ líǹkì náà, a sì ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léèrè bí ẹni tó ń ṣe ìwádìí ìdílé ìyàwó.

Ìbéèrè kìíní tí a bi wọ́n ni pé: ta ni yín, àwọn wo ló sì ń kà yín? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìkànnì náà kò ní òǹkọ̀wé tó ní orúkọ, kò sí àdírẹ́sì, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ ilé ìwé kan tó ti kógbá sílé. Ẹnìkan ló ra orúkọ náà nígbà tí àsìkò rẹ̀ pé, ó sì sọ ọ́ di ilé tí wọ́n ti ń polówó tẹ́tẹ́. Ó dà bí ẹni tó wọ agbádá òkú lọ jẹ́rìí ní kóòtù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Google kéde pé irú àṣà yìí lòdì sí òfin òun.

Ìbéèrè kejì: kí ló kàn yín pẹ̀lú àdìrẹ? Ìkànnì oògùn, ìkànnì ẹ̀yáwó, ìkànnì tí a fi èdè tí àwa méjèèjì kò gbọ́ kọ, àwọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ẹni tó ń kọ̀wé nípa ọjà Ìtòkú bá dárúkọ aláró, ọ̀rọ̀ bá ọ̀rọ̀ mu. Bí ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tàbí olùkọ́ iṣẹ́ aránṣọ bá dárúkọ rẹ̀, ó bá a mu. Ṣùgbọ́n kí ni oníṣòwò táyà mọ̀ nípa ẹ̀lú?

Ìbéèrè kẹta: níbo ni ẹ fi líǹkì náà sí, ọ̀rọ̀ wo ni ẹ sì so ó mọ́? Líǹkì tó wà láàárín ọ̀rọ̀, níbi tí òǹkàwé ti nílò rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí a tì sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé pẹ̀lú igba líǹkì mìíràn bí ẹja sínsín. Bí ènìyàn gidi bá sì ń tọ́ka síni, kálukú ló ní bó ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀kan á pe orúkọ rẹ, ọ̀kan á ní "obìnrin aláàdìrẹ kan ní Abẹ́òkúta", ọ̀kan á ní "ẹ wò ó níbí". Lórí àkọsílẹ̀ tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló wí ohun kan náà: "ra àdìrẹ olówó pọ́ọ́kú". Bí ogún ẹlẹ́rìí bá wọ kóòtù, tí gbogbo wọn sọ gbólóhùn kan náà láìyẹ̀, adájọ́ kò nílò ẹ̀rọ kí ó tó mọ̀ pé ẹnìkan ló kọ́ wọn.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló wà lókè gbogbo wọn: ká ní kò sí Google láyé, ǹjẹ́ líǹkì yìí yóò mú oníbàárà kan wá? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ lé e.

Ẹni tó ta líǹkì náà fún ẹ̀gbọ́n mi ti pọ́n ọn lójú pẹ̀lú nọ́ńbà. Ó ní àwọn ìkànnì náà ní DA 50, DA 60. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Google ló ń fúnni ní nọ́ńbà yìí. Kì í ṣe òun. Ilé iṣẹ́ aládàáni kan tó ń jẹ́ Moz ló ń ṣírò rẹ̀, Google sì ti sọ ọ́ pé òun kò lò ó. Nọ́ńbà tí Google fúnra rẹ̀ máa ń fi hàn aráyé nígbà kan rí, ó ti mú un kúrò lójú gbogbo ayé ní ọdún 2016. Nọ́ńbà Moz lè ṣàǹfààní fún ẹni tó ń fi ìkànnì kan wé èkejì, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta líǹkì mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ bí bàlúù.

Nínú gbogbo ohun tí a yẹ̀ wò ní ọjọ́ náà, líǹkì kan ṣoṣo ló mú ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, kò sì sí lára 500 tó rà. Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ aránṣọ ní Ìlú Ọba ló ti ra àdìrẹ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó kọ ọ́ sórí ìkànnì rẹ̀ kékeré bí aṣọ náà ṣe rí nígbà tó fọ̀ ọ́, bí àwọ̀ rẹ̀ kò ṣe ṣí, ó sì fi líǹkì síbẹ̀. Kò gba owó. Kò tilẹ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí a wo àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà láti òkè òkun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ibẹ̀ wá. Líǹkì 500 tí ó rà kò mú ẹnì kan wá. Èyí tí kò rà ló ń bá a tajà.

Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun tún san owó fún ẹni tí yóò bá òun pa àwọn líǹkì burúkú náà rẹ́, torí pé ẹnìkan ti ń fi ìyẹn náà dẹ́rù bà á. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Lóòótọ́, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2012 ni Google ti pèsè ọ̀nà tí ènìyàn lè fi kọ líǹkì sílẹ̀, kí ó sọ pé "èyí kì í ṣe tèmi". Ṣùgbọ́n Google fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìkànnì kò nílò rẹ̀, àfi bí líǹkì tí a rà bá pọ̀ tó fi lè fa ìyà, tàbí tí ó ti fà á. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ohun tí Penguin máa ń ṣe jù ni pé kó má ka líǹkì àdàmọ̀di sí rárá. Líǹkì jákujàku tí àwọn àjèjì lẹ̀ mọ́ ọ láìbéèrè kò yẹ kó gba oorun lójú rẹ. Èyí tí ìwọ fúnra rẹ rà ni kí o lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ, ohun tí àwa méjèèjì sì ṣe nìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní: ta ni Google tí yóò máa ṣe adájọ́ lé wa lórí? Òun náà ń gba owó ìpolówó, ó sì ń gbé e sókè ju gbogbo àbájáde lọ. Òótọ́ ni. N kì í ṣe agbẹjọ́rò Google. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, adájọ́ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dájọ́ pé Google rú òfin láti fi gbá ọjà ìṣàwárí mú fún ara rẹ̀ nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá sì wo bí Interflora ṣe yára padà yóò rí i pé àánú kò dọ́gba fún ńlá àti kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ adájọ́ kò sọ ẹ̀rí èké di òtítọ́. Bí Google tilẹ̀ parẹ́ lọ́la, òǹkàwé tó tẹ líǹkì mi nítorí pé ó gbà mí gbọ́, tó sì bá ara rẹ̀ nílé tẹ́tẹ́, èmi ni mo dà á.

Àwọn mìíràn á ní ebi ń pa akọ̀ròyìn. Ìyẹn náà òótọ́ ni. Dọ́là ni a fi ń ra ọ̀pọ̀ ohun tí ìkànnì fi ń ṣiṣẹ́, náírà ni a sì ń rí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó mọ́ wà. Láti ọdún 2005 ni a ti lè fi àmì nofollow sára líǹkì, èyí tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó má kà á sí ẹ̀rí. Ní ọdún 2019, Google fi àmì mìíràn kún un tó ń jẹ́ sponsored, fún líǹkì tí a gba owó lé lórí ní pàtó. Ẹni tó bá fi àmì yìí sí i, tó sì kọ "Ìpolówó" sókè fún òǹkàwé, ó gba owó rẹ̀ láìta ẹ̀rí. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀bi tiwa tún kù, àwa tí a ń fi Yorùbá kọ ìròyìn sórí ayélujára. A kéré níye. Síbẹ̀, bí ọ̀kan nínú wa bá ṣe ìwádìí tó gba àárọ̀ àti alẹ́ rẹ̀, àwa yòókù á dà á kọ, a kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò ní fi líǹkì kan ṣoṣo tọ́ka sí i. Ẹ̀rí òtítọ́ tí kò ná wa ní nǹkan kan, a fi pamọ́ sápò. Ẹ̀rí èké tí àjèjì wá rà, a tẹ́ ẹ fún un bí ẹní. Bí a bá fẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ń bẹ ní èdè yìí, ẹ jẹ́ kí àwa fúnra wa kọ́kọ́ máa jẹ́rìí fún ara wa. Ibi tí o bá ti rí ọ̀rọ̀, tọ́ka síbẹ̀.

Èsì tí mo fún ọkùnrin oorun àti tẹ́tẹ́ kò gùn. Mo ní n kò bá wọn polówó tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ní ọjà mìíràn tó bójú mu, n ó gbé e jáde ní iye tó dá, n ó kọ "Ìpolówó" sókè rẹ̀, n ó sì fi àmì tó yẹ sára líǹkì rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dá mi lóhùn. Gbólóhùn kan péré ni: "Bí ẹ bá kọ ìpolówó síbẹ̀, kí wá ni mò ń sanwó fún?"